Táǹkì Tí Ìyá Báláú Pọ̀n

Ṣòkòtò kan ló kọ́kọ́ sọ obìnrin yìí di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pa ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Kò sí bí aṣọ ṣe lè dọ̀tí tó tí kò ní fọwọ́ sọ̀yà pé, "Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Funfun báláú ni wàá gbà á." Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Báláú nìyẹn, débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Ọkùnrin akọ̀wé kan wà tó máa ń gbé ṣòkòtò wá fún un. Gbogbo ìgbà tó bá wá gbà á, á fi ìka méjì tọ́ ọ wò, á yínmú, á ní, "Sítáàṣì rẹ̀ kò tó." Ìyá Báláú á ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó sọ ọ́ títí, ó sú Ìyá Báláú. Lọ́jọ́ kan, ó po sítáàṣì tó ki débi pé igi tó fi ń rò ó dá dúró sí àárín rẹ̀. Ó ti ṣòkòtò bọ̀ ọ́, ó sá a, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún sá a. Nígbà tí akọ̀wé fi máa dé, ṣòkòtò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìyá Báláú kúnlẹ̀ kí oníbàárà rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣòkòtò yín ti ń dúró dè yín láti àárọ̀."

Akọ̀wé kò yínmú mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ bá ti yọ imú síta báyìí, Ìyá Báláú kò ní lè ṣe kó má fà á jáde. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, kálukú ti gba ibi tirẹ̀ lọ. Ó ku òun àti ọkọ rẹ̀ nínú ilé oníyàrá méjì, tí okùn aṣọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó fi jẹ́ pé àlejò tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹrí ba fún aṣọ oníbàárà.

Ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń wa ọkọ̀ nínú kùrukùru. Nínú gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì rẹ́rìn-ín sí ẹyọ kan. Á kàn mi orí, á ní, "Ìwọ obìnrin yìí," á sì padà sídìí rédíò rẹ̀. Ó máa ń dun ìyàwó rẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń dun ẹni tó se oúnjẹ tí ẹnì kan nínú ilé kò fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yìnkùlé ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí Ìyá Báláú fi ń lọ aṣọ máa ń wà. Nígbà tí iná ń wá déédéé, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ìdérí táǹkì rẹ̀ sọnù, Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà fi agolo mílíìkì dé e, ó ní òun máa wá ìdérí gidi. Kò wá a. Òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ gbé agolo lọ, òjò tún rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ iná àdúgbò wá bú gbàmù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí iná lọ láìdágbére, aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti kún apẹ̀rẹ̀ mọ́ Ìyá Báláú lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì rún bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Wọ́n fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ó wúkọ́. Wọ́n tún fà á. Ó wúkọ́, ó tú èéfín funfun, ó dákẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Ó da epo inú táǹkì sínú ike, epo náà pọ́n bíi tíì. Ó yọ táǹkì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀, ó ní kí Ìyá Báláú yọjú wo inú rẹ̀. Gbogbo inú táǹkì ti dógùn-ún. Ìpẹtà bò ó látòkè délẹ̀, ó ń ṣí kúrò bí ọ̀dà ara ògiri tó ti gbó.

Mẹkáníìkì ní, "Ìpẹtà yìí ló ń já bọ́ sínú epo, tó ń lọ dí ojú ihò tí epo ń gbà. Bí mo bá fọ ihò yẹn lónìí, á tún dí lọ́la."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Táǹkì tuntun ni. Àmọ́ ẹni tó ń tà á sọ pé ó tán, àfi bí ọjà tuntun bá dé."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

Mẹkáníìkì gbójú sókè bí ẹni pé ojú ọ̀run ni ọjà náà máa gbà wá. Ó ní, "Ẹ lè fọ èyí o, Ìyá. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ epo kúrò nínú rẹ̀ títí kò fi ní rùn mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ bu ọtí kíkan sí i, ẹ kó nọ́ọ̀tì àti ṣéènì kúkurú sínú rẹ̀, ẹ dí gbogbo ihò, kí ẹ wá máa mì í. Ọtí kíkan á máa jẹ ìpẹtà, irin á máa họ ọ́ kúrò. Ẹ mì í títí apá yín á fi fẹ́ já."

"Bó bá wá fẹ́ já ńkọ́?"

"Ẹ ó wá máa fi apá kejì mì í."

Ọ̀rọ̀ ọtí kíkan yìí kò ṣàjèjì sí Ìyá Báláú. Bí ìṣó bá ta ìpẹtà sí aṣọ funfun, ohun kíkan náà ló fi ń yọ ọ́. Ó fọ táǹkì, ó sá a, ó bu ọtí kíkan sí i, ó kó ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì nínú agolo tí ọkọ rẹ̀ ń kó irin wẹ́wẹ́ sí, ó ju ṣéènì kan tẹ̀ lé e. Ó fi èkísà àti rọ́bà dí ihò ìsàlẹ̀, ó dé òkè rẹ̀ pinpin. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Kàràkàtà, kàràkàtà, kàràkàtà. Ìyá Báláú mì í títí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìmi nǹkan kan. Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà gbà á, ó mì í díẹ̀ bí ẹni tó ń gba ojú kòtò kọjá, ó ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun, ó dá a padà. Nígbà tí wọ́n da omi rẹ̀ jáde, ó dúdú bí omi ẹrẹ̀. Ìyá Báláú tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀: ìpẹtà kàn sún díẹ̀ ni, bí àlejò tí kò tíì fẹ́ lọ.

Ó bu ọtí kíkan mìíràn sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yẹ kó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kó sì bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú lórí ọ̀rọ̀ aṣọ wọn. Ọ̀nà jìn díẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì máa ń fi rìn ín. Ó ro gbogbo ìrìn yìí, ó wo táǹkì tó jókòó kalẹ̀ bí ọlọ́lá, ó ká a lára. Ó ronú pé, "Ẹ̀yìn yìí tó pọn ọmọ títí wọ́n fi dẹni tó ń rìn, ṣé irin ló máa kọ̀?" Ó mú tówẹ̀lì àtijọ́, ó fi wé táǹkì, ó gbé e sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ dè é pinpin. Nígbà tó nàró, tó gbé ìṣísẹ̀, ó gbọ́ ọ: kàràkàtà. Ìṣísẹ̀ mìíràn: kàràkàtà. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó rí ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà gbé ojú kúrò lára rédíò. "Ṣé bó o ṣe máa jáde nìyẹn?"

"Ẹ rọra o," ni Ìyá Báláú wí, "ọmọ ń sùn."

"Ìwọ obìnrin yìí." Ó yí rédíò sókè.

Òtútù ń mú lọ́jọ́ náà, òjò sì ń ṣẹ́ wẹ́rẹwẹ̀rẹ, ni Ìyá Báláú bá fa tówẹ̀lì bo ẹrù rẹ̀ délẹ̀, kí omi má baà kán sí i. Kò tíì rìn jìnnà tó fi dé ọ̀dọ̀ oníbàtà tó máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn ńlá kan ní ìkóríta. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gba abẹ́ agbòòrùn yìí kọjá.

"Ìyá Báláú! Ẹ kú àárọ̀ o! Ọmọ ta lẹ pọ̀n yẹn?"

Ẹ̀fẹ̀ yọ imú.

"Tiwa ni."

"Tiyín? Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Bó o bá rí i, kí o kí i kú orí ire."

Ó ń lọ, kàràkàtà, kàràkàtà. Oníbàtà gbàgbé abẹ́rẹ́ sójú bàtà tó ń rán, ó la ẹnu sílẹ̀ tì í lẹ́yìn. Obìnrin yẹn ti bí àkọ́bí rẹ̀ kí oníbàtà fúnra rẹ̀ tó mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì.

Ní ilé ìwòsàn, èrò ti tò dé ìdí ògiri. Ẹ̀ṣọ́ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì tó ti èèyàn mẹ́ta. Ìyá Báláú lọ dúró sẹ́yìn gbogbo wọn bí ọmọlúàbí. Kò tíì dúró dáadáa tí ẹ̀ṣọ́ fi rí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ pọnmọ! Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn? Ìyá ọlọ́mọ kì í tò sínú òjò. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì inú lọ́hùn-ún!"

Ìyá Báláú la ẹnu. Òótọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wá bojú wo ìlà náà, ó rí bó ṣe gùn tó, ó pa ẹnu dé, ó bọ́ síwájú. Kò purọ́. Òótọ́ ni kò kàn sọ.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ ló kún orí bẹ́ǹṣì. Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wà níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó ti Ìyá Báláú kéré lọ́jọ́ orí gan-an, ọmọkùnrin kan tó sanra bọ̀kíbọ̀kí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ àkọ́bí ni, ó hàn, nítorí ṣe ni ìyá rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó gbé ẹyin. Ìyá Báláú tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó ń mì í jẹ́jẹ́, nítorí iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Kàràkàtà.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún!"

"Ó ti ń ṣe é bọ̀, ọmọ mi. Omi òjò ló wọ̀ ọ́ lára."

"Ẹ jẹ́ kí òjò pa á?"

"Bàbá rẹ̀ ló fi í síta."

Ìyá àgbà pòṣé. "Àwọn ọkùnrin!" Gbogbo bẹ́ǹṣì mi orí.

"Kí lẹ wá fún un?"

"Ọtí kíkan."

"Ọtí kíkan! Fún ọmọ ọwọ́?"

"Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló ní kí n fún un. Ó sì gbà á sínú wẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ sunkún."

Ìyá Báláú retí kí ẹnì kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Dípò bẹ́ẹ̀, obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ tó mu ọtí kíkan tí kò sunkún! Yé è! Ara rẹ̀ ti kú nìyẹn. Kí ló wá ń ró gbàgà gbàgà nínú ikùn rẹ̀ yìí?"

Ìyá Báláú wò ó pé ọ̀rọ̀ náà ti tó kó parí, pé bí òun bá sọ eléyìí báyìí, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀tì ni. Nọ́ọ̀tì àti ṣéènì."

Obìnrin náà dìde fùú. "Ó gbé nọ́ọ̀tì mì! Ẹ gbà wá o! Ọmọ ìyá yìí gbé nọ́ọ̀tì mì!"

"Rárá, fetí sílẹ̀, ọmọ mi—"

Àsìkò yẹn gan-an ni rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì rí i pé ó yẹ kí òun yẹ̀. Omi pípọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti inú tówẹ̀lì sórí bẹ́ǹṣì, tó, tó, tó.

"Ó ti ya ìgbẹ́!" ni ìyá àgbà ké. "Ẹ wò ó! Ìgbẹ́ gbuuru ni!"

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó di Ìyá Báláú lọ́wọ́ mú. "Ìyá, èmi ló kàn láti wọlé. Ẹ gba ipò mi. Ẹ sáré. Ọmọ tèmi kàn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ó lè dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́."

Ìyá Báláú ti ṣe ẹ̀fẹ̀ fún agbéraga rí, ó ti ṣe é fún ahun, ó sì jẹ àjẹgbádùn rẹ̀. Kò tíì ṣe é rí fún ẹni tó ń fi omijé gbé ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tíì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń mí gúlegúle. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ṣí, Nọ́ọ̀sì Àgbà yọ síta. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ ni, tí ilẹ̀ máa ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Láìbéèrè nǹkan kan, ó na ọwọ́, ó gba ẹrù náà.

Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó wọn ọmọ náà wò lọ́wọ́. Ó fi ìka kan ìdí rẹ̀: gọ̀, gọ̀. Ó ká etí tówẹ̀lì sókè díẹ̀, ó yọjú wò ó, ó bò ó padà.

Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, gbogbo yín. Ọmọ yìí le o. Mi ò tíì rí ọmọ tó le báyìí rí." Ó yíjú sí Ìyá Báláú. "Ẹ wọlé, ìyá ọmọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé táǹkì kalẹ̀ sórí ibùsùn àyẹ̀wò. Ó di etí tábìlì mú, ó tẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá Báláú kọ́kọ́ rò pé inú ló ń bí i, títí ó fi rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á láìsí ohùn, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó rí èémí mí, ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, ó kì í bọ etí, ó gbé e lé táǹkì, ó mì í díẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún," ni ó wí. "Ìyá Báláú, ta ló rán yín?"

Ìyá Báláú kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì rò ó látìbẹ̀rẹ̀: iná, òjò, agolo mílíìkì, aṣọ wọn tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ìlà tó gùn. Nọ́ọ̀sì Àgbà fà á dìde, ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó ga.

"Lóṣù tó kọjá kò ga báyìí. Irọ́ ló gbé e sókè."

"Mi ò purọ́, Nọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́."

"Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ yín. Ẹ jáde lọ sọ fún wọn fúnra yín, kí ẹ sì padà sẹ́yìn ìlà."

Àfi bí ẹni ń lọ gba ìdájọ́. Ìyá Báláú jáde. Gbogbo bẹ́ǹṣì dìde dúró. Ó tú tówẹ̀lì, ó gbé táǹkì sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Ó ní, "Táǹkì jẹnẹrétọ̀ ni. Ìpẹtà ló ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ẹ̀rín ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dún. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìkùnsínú, ó di ẹ̀rín tí kò ní eyín, ó pọ̀ débi pé wọ́n gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni àwọn yòókù bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀ṣọ́ náà pẹ̀lú ohùn èèyàn mẹ́ta rẹ̀. Obìnrin tó sunkún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mo sunkún nítorí táǹkì," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n sunkún nítorí táǹkì."

"Ọmọ mi, mo jẹ̀bi. Ohun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó wá gbé ọmọ bọ̀kíbọ̀kí, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ó dáa. Ẹ gba èyí. Òun náà fẹ́ràn kí wọ́n máa mi òun, apá mi sì ti kán láti òru."

Bí Ìyá Báláú ṣe di alágbàtọ́ nìyẹn. Ó jókòó síbi tó kángun sí ìparí ìlà, ó ń mi ọmọ gidi, ọmọ náà sì wúwo ju táǹkì lọ. Ní ti táǹkì, kò jókòó lásán. Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ pé aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń dúró dè é, ó so rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ó gbé e sórí itan, ó ń mì í bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sún un fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ń lọ láti itan dé itan, kàràkàtà, kàràkàtà, ẹni tí Nọ́ọ̀sì bá pè á gbé e fún ẹnì kejì. Ẹ̀ṣọ́ ní òun máa mì í bí ọkùnrin, ó mì í títí fìlà ara rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí orúnkún ń dùn ní kí wọ́n gbé e fún òun náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wá síbí, wọn ò tíì fún òun ní nǹkan ṣe rí.

Láàárín èyí ni ọmọ bọ̀kíbọ̀kí náà tọ̀ sí Ìyá Báláú lára, ó tọ̀ ọ́ gan-an, láti àyà dé orúnkún. Ìyá Báláú kò mira. Ó gbójú sókè wo ìyá ọmọ náà, omi ń kán ní etí aṣọ rẹ̀, tó, tó, tó. Ìyá ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo Ìyá Báláú. Ó fẹ́ mú un mọ́ra, kò ṣeé mú mọ́ra. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé òun náà gbé nọ́ọ̀tì mì ni?" ni Ìyá Báláú bi í, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi pè wọ́n fún abẹ́rẹ́.

Nígbà tó dé ilé lọ́sàn-án, ó da inú táǹkì sílẹ̀. Ohun tó jáde ki bí ẹrẹ̀, nọ́ọ̀tì àti ṣéènì sì ń dán bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, irin wò ó padà, funfun kedere. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀, nítorí aṣọ tí wọ́n fi kíkan yọ àbàwọ́n tí wọn kò ṣan, kíkan náà ló máa jẹ ẹ́. Ó fi omi sódà ìfọṣọ ṣan táǹkì kí ọtí kíkan lè kú nínú rẹ̀, ó fi omi lásán ṣan án, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sójú oòrùn tó ti yọ. Kò jẹ́ kó pẹ́ tó gbẹ tán tó fi da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kó lè ta sí gbogbo ara rẹ̀, kí atẹ́gùn má baà rí irin ìhòhò bá ṣeré. Mẹkáníìkì dé, ó fọ ihò epo, ó dá táǹkì padà síbi tó wà. Ó bá a mú ìdérí gidi wá. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, jẹnẹrétọ̀ bú sókè bí ẹni tí wọ́n ti ń dí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà mi orí. Ìyá Báláú gbé áyọ́ọ̀nù.

Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń lọ lọ́wọ́, ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, tí iná kò tíì dé, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró síwájú ilé tí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà obìnrin sọ̀ kalẹ̀. Ìlú mìíràn ló ń gbé. Kì í wá bí kò bá sí ìdí, kì í sì í rẹ́rìn-ín, ìdílé wọn ni. Báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: aṣọ ọmọ, tówẹ̀lì rírọ̀, ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ tó ń ta sánsán. Ó tẹrí ba gba abẹ́ okùn aṣọ kọjá, ó dúró síwájú àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Kí oníbàtà tó wá sọ fún ẹni tó sọ fún mi! O bímọ ní ọjọ́ ogbó, o ò lè ránṣẹ́ sí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Láti ibi tó ti ń lọ aṣọ nínú yàrá, Ìyá Báláú gbọ́ ọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè kúrò lára aṣọ, ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ sọ pé, "Obìnrin yìí ló fà á." Ó ti ń múra láti jáde lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe pa rédíò.

Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣe wá lójijì ni."

"Ibo ló wà?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn lè gbọ́ ju jẹnẹrétọ̀ lọ. "Báwo ni ọmọ ṣe máa sùn nínú irú ariwo yìí?"

"Kì í sùn ní ọ̀sán," ni Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà wí, ojú rẹ̀ le bíi ti àtẹ̀yìnwá. "Àfi bí epo bá tán nínú rẹ̀."

"Epo? Kí ló ń jẹ́ epo? Ta ló tiẹ̀ jọ?"

"Ìyá rẹ̀ ló jọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́."

Ìyá Báláú fi aṣọ dí ẹnu ara rẹ̀. Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ ẹ̀gbọ́n tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ bí ìṣísẹ̀ náà ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ké pé, "Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ̀yin méjèèjì ni orí yín dà rú!" Nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Ìyá Báláú kò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́, nítorí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé náà. Ó dún bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè: ó fà, ó fà, ó wá gòkè, ó tú. Ọkọ rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ lu itan, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ pé, "Wá gbọ́ o! Ó ní báwo ló ṣe máa sùn!"

Ìyá Báláú ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré jáde lọ wo ojú rẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó kúrò níbẹ̀.